Ohùn Nínú Àpò: Ẹ̀rọ Orin Alágbèéká àti Ìrírí Àwọn Tó Ni Ín ní Òpópónà Wharf, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ẹ̀rọ orin alágbèéká ní ìlú Èkó, láti orí giramafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí títí dé orí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń wọ inú àpò. Òpópónà Wharf ní Àpápá ni òpó tí ìjíròrò náà rọ̀ mọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni èbúté tí ẹ̀rọ ń bá wọlé àti ilé-iṣẹ́ tó ń gba orin sílẹ̀ ti jẹ́ aládùúgbò. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ohun kan náà tó mú kí ẹ̀rọ wọ̀nyí wu ènìyàn ló fa ọ̀pọ̀ ìnira tí àwọn tó ni wọ́n bá pàdé: ohun tó fúyẹ́ láti gbé, ó rọrùn láti sọnù, láti bàjẹ́ àti láti jí gbé. Ó tún fi hàn pé ní èdè olóhùn bíi Yorùbá, ẹ̀rọ tí eré rẹ̀ kò dọ́gba kì í ba adùn orin jẹ́ nìkan. Ó lè ba ìtumọ̀ jẹ́.

Ìfáàrà

Ní ọdún 1973, ẹni tó bá gba Òpópónà Wharf kọjá ní Àpápá ń gba àárín ohun méjì tó jẹ mọ́ orin kọjá. Èkíní ni èbúté, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdúró ọkọ̀ ojú omi ńláńlá sí láti àwọn ọdún 1920, tó sì bọ́ sábẹ́ àkóso Nigerian Ports Authority ní ọdún 1955. Gíramafóònù, rédíò, bátìrì àti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wà lára ẹrù tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Èkejì ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI, ilé-iṣẹ́ tó gbé orin Fẹlá àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà jáde. Láti ẹnu ọ̀nà kan ni ẹ̀rọ ti ń wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà kejì ni orin tí ẹ̀rọ náà yóò kọ ti ń jáde.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ wà, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ sọ pé ajé ti gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, Yorùbá, Ìgbò, Ijaw, Urhobo àti àwọn mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ń padà sí ní alẹ́. Ẹrù tí wọ́n fi èjìká gbé lọ́sàn-án lè jẹ́ irú ẹ̀rọ kan náà tí wọn yóò tọ́jú owó fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó lè rà.

Ìtàn orin Yorùbá òde òní sábà máa ń dá lórí olórin àti ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ, tó ra bátìrì sí i, tó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ rédíò nígbà tó yadi, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àyè nínú ìtàn náà. Àwọn àgbà sọ pé tibi-tire la dá ilé ayé. Ohun tí ìjíròrò yìí ń wá ni bí tibi àti tire ṣe jọ wà nínú ẹ̀rọ kan náà, àti ìdí tí a kò fi lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ṣáájú kásẹ́ẹ̀tì

Gíramafóònù alágbèéká ni àkọ́bí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ó rí bí àpótí aṣọ kékeré, ó ní ibi ìdìmú tí a fi ń gbé e, kò sì nílò iná mànàmáná. Orin Yorùbá tètè bá a pàdé. Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1930, Túndé King ti ń kọ jùjú sínú àwo ní Èkó. Ilé tí giramafóònù bá wà kì í ṣófo ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ó ti jẹ́ pé ẹnì kan ló ni ẹ̀rọ, gbogbo agbo ilé ló ni orin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní ìnáwó tí kò lópin. Ojú kan àwo ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ ni láti máa pààrọ̀ lemọ́lemọ́ kí ó má baà họ àwo. Àwo náà ẹlẹgẹ́ ni. Bí ó bá jábọ́, ó fọ́, owó sì lọ. Bí sípíríǹgì inú ẹ̀rọ bá rọ̀, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ohùn akọrin á sì máa rì. Ìnira mìíràn kò hàn sí ojú: oríkì tí akọrin lè fi ìdajì ọjọ́ kì ní òde ìnáwó ni láti sé mọ́ inú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó ra àwo gba ohùn akọrin, ṣùgbọ́n kò gba àkókò rẹ̀.

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ Rẹdifúṣọ̀n ní Èkó. Wọ́n fa wáyà wọ inú ilé, wọ́n gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀, onílé sì ń sanwó lóṣooṣù. Kò sí àyè láti yan ibùdó. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni etí yóò gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pè é. Orúkọ yìí kì í ṣe àpọ́nlé lásán. Láàrin àwọn tó ka kíkí àti jíjẹ́ kíkí sí ìpìlẹ̀ ìwà ọmọlúàbí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìdúró gba èsì ní àbùkù, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó. Nínú orúkọ kan ṣoṣo, ìyanu àti ẹ̀sùn jọ wà.

Rédíò tiransísítọ̀, tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954 àti ní Japan ní ọdún 1955, gé wáyà náà kúrò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, àgbẹ̀ lè gbé ohùn lọ sí oko, oníṣòwò sì lè gbé e lọ sí ọjà. Síbẹ̀, gbohùngbohùn inú rédíò kékeré kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irú gbohùngbohùn bẹ́ẹ̀ kì í lè gbé ohùn tó wúwo jáde dáadáa. Agídìgbo tó ń dún kíkankíkan ní òde á wá máa dún bí ẹni ń ta ika mọ́ agolo. Bí olórin bá sì kọ orin tó wọ olówó ẹ̀rọ lọ́kàn, kò lè sọ pé kí ó tún un kọ. Ẹ̀rọ ti di tirẹ̀, ṣùgbọ́n orin kò tíì di tirẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì dé Òpópónà Wharf

Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands fi kásẹ́ẹ̀tì hàn ní ìlú Berlin. Ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀ ju kíkéré lọ. Ẹni tó ni giramafóònù tàbí rédíò, olùgbọ́ ni. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lè gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi, wáàsì inú Ramadan, eré fújì ojú agbo, ìjálá, ẹkún ìyàwó, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá fún àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ ṣeé kó sínú ohun kékeré tó ń wọ inú àpò. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 tàbí 90 sì fi àkókò tí àwo ìṣẹ́jú mẹ́ta gbà lọ́wọ́ oríkì dá a padà fún un.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó jẹ mọ́ Òpópónà Wharf fi ojú méjèèjì ohun tuntun yìí hàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine láti gba orin sílẹ̀ ní EMI. Ẹ̀rọ onípele mẹ́jọ ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn orin tí wọ́n fẹ́ kọ ti wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, nínú àpò tí McCartney gbé lọ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn olè dá wọn lọ́nà, wọ́n sì gba àpò náà pẹ̀lú ìwé tí ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀. McCartney ní láti fi iyè inú rántí àwọn orin náà kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Láàrin àkókò kan náà, Fẹlá wá sí sítúdíò, ó sì fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn ènìyàn Áfíríkà ló wá jí gbé. McCartney ní láti gbé àwọn orin náà sí i létí kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Àwo náà, Band on the Run, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Bí a bá gbé òkìkí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni pé kásẹ́ẹ̀tì mú kí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ṣeé gbé ní ọwọ́ kan, nítorí náà ó mú kí ó ṣeé gbà ní ọwọ́ kan. Èkejì ni pé jíjí orin di ohun méjì: olè lè gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ, ẹlòmíràn sì lè gbé orin lọ kí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbi tó wà. Ohun tó gba McCartney sílẹ̀ ni ohun tí akéwì àti onírárà ti gbára lé tipẹ́tipẹ́, ìyẹn iyè inú. Àwọn tó ra ẹ̀rọ ní Ajégúnlẹ̀ yóò pàdé irú olè méjèèjì.

Owó ló sọ ẹ̀rọ di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ìjọba gba àbá ìgbìmọ̀ Udoji wọlé, owó oṣù fò sókè, àwọn òṣìṣẹ́ sì gba àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọdún 1975. Ẹ̀rọ orin wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ rà. Ní ọdún yẹn gan-an ni èbúté Èkó dí pa. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ru sìmẹ́ǹtì, to sórí òkun wọn kò rí àyè já ẹrù. Ẹrù tí ènìyàn ti sanwó fún lè wà lójú omi fún oṣù púpọ̀. Ní ọdún 1977 ni ìjọba ṣí èbúté Tin Can Island láti mú ìdíwọ́ náà fúyẹ́.

Bátìrì, eruku àti ohùn tó ń yẹ̀

Ẹni tó ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kò tíì ra gbogbo rẹ̀ tán. Bátìrì ni oúnjẹ rẹ̀, oúnjẹ náà kì í sì í pẹ́ tán. Àwọn tó ni ẹ̀rọ kọ́ ọgbọ́n oríṣiríṣi láti fi wọ́n ọn lò. Wọ́n ń sá bátìrì tó ti rẹ̀ sí oòrùn kí ó lè tún fọhùn díẹ̀. Wọ́n ń ki bírò bọ inú ihò kásẹ́ẹ̀tì láti fi ọwọ́ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà jẹ bátìrì lórí iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe. Bí eruku tàbí èérí bá wọ inú ẹ̀rọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù, a ó sì fà á jáde ní wíwé bí ìfun adìyẹ. Òwú àti sípíríìtì ni a fi ń nu ojú irin tó ń ka téèpù. Bí téèpù bá já, sẹ́lótéèpù ni a fi ń lẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì á sì ti sọnù níbi tí a ti gé e.

Ọ̀rọ̀ tó sọnù yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì kan náà. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ti dùndún, kò tilẹ̀ sí kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì rárá. Gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn pẹ̀lú ìlù kíkán ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá ìlù ń sọ. Bí bátìrì bá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí eré téèpù sì falẹ̀ ní ìdọ́gba, gbogbo ohùn á jọ lọ sílẹ̀, àlàfo tó wà láàrin wọn á sì dúró. Ọkùnrin á máa kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì yéni. Ìṣòro gan-an ni kí eré náà máa yẹ̀, kí ó yára, kí ó tún falẹ̀. Nígbà náà ni ohùn àárín tó yẹ kó dúró gbọọrọ á máa yọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀, tí ohùn òkè á sì máa rọ̀. Orin tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lè fara da èyí. Òwe tí ìyá ìlù pa kò lè fara dà á; ó di ariwo.

Nítorí náà, ẹni tó ń kùn pé ẹ̀rọ òun kò sọ̀rọ̀ dáadáa ń sọ ohun tó jinlẹ̀ ju pé orin kò dùn lọ. Oníṣẹ́ rédíò tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú irin ìjólẹ́ẹ̀dì àti àpótí tó kún fún ara ẹ̀rọ tó ti kú, atúnlùúṣe kan ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni a ti ń mọ ẹ̀rọ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú tí lẹ́tà kan péré fi yàtọ̀ sí orúkọ ilé-iṣẹ́ olókìkí. Ojú rẹ̀ náà ni a ti ń mọ iyì tòkunbọ̀. Orúkọ tí Yorùbá ń fún ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ni wọ́n fà yọ fún ẹrù àlòkù tó gba èbúté wọlé, ọ̀pọ̀ sì ń sọ pé tòkunbọ̀ tó ti gbó sàn ju tuntun tí kò lórúkọ lọ.

Dídá gbọ́ àti gbígbọ́ pọ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Sony gbé Walkman jáde ní Japan. Kò lè gba ohùn sílẹ̀, kò sì ní gbohùngbohùn. Bátìrì kékeré méjì àti íápíìsì tí a ń fi bo etí ni ó ń lò. Akio Morita, olórí ilé-iṣẹ́ náà, rò pé ìwà àìmọ̀wàáhù ni kí ènìyàn kan ṣoṣo máa gbọ́ orin nígbà tí ẹlòmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ihò íápíìsì méjì ló wà lára èyí tó kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tí àwọn méjì náà lè tẹ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi rí i pé ohun tí àwọn olùrà fẹ́ ni láti dá gbọ́, wọ́n sì yọ ihò kejì kúrò.

Ní Èkó, ìtàn náà kò rí bákan náà pátápátá. Nínú yàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí ní Ajégúnlẹ̀, íápíìsì fún ẹni tó ni ẹ̀rọ ní ohun tí owó ilé kò lè rà, ìyẹn yàrá tirẹ̀ nínú yàrá gbogbo ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ orin láìdí àbúrò lójú oorun. Ẹni tó ń lọ sí èbúté ní òwúrọ̀ lè gbàgbé sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ fún ìgbà díẹ̀. Ohùn tó wúwo tí gbohùngbohùn kékeré ti sọ nù sì tún padà sí etí. Èyí ni tire.

Tibi rẹ̀ tètè hàn. Ọmọ tí íápíìsì wà ní etí rẹ̀ a máa kọjá lára àgbà láìkí i, kì í sì í gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pè é. Ẹ̀sùn tí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì gbé ka orí ẹ̀rọ wá ṣí lọ sí orí ènìyàn: ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kò dáhùn mọ́. Lórí Òpópónà Wharf, níbi tí tírélà tó ru kọ̀ńtéínà ti ń fọn fèrè fún ẹni tó ń sọdá, etí tó dí lè gba ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ sì rí ọ̀nà àbáyọ tí Morita kò rò: ọ̀rẹ́ méjì á pín íápíìsì kan, ọ̀kan sí etí ọ̀tún, ọ̀kan sí etí òsì. Ìhà kan orin náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń gbọ́ ọ.

Ẹni tó ra àti ẹni tó kọrin

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, ohun tó ń gba èbúté wọlé sì gbówó lérí. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ tó ń lò ó bọ́ kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ló kù fún un, kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ oníbejì lè da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sínú òmíràn nínú ilé. Olè kejì tí Fẹlá pariwo ní sítúdíò EMI ti wá di aládùúgbò gbogbo ènìyàn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1988 fẹ́ dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra kásẹ́ẹ̀tì ní ìdíkọ̀ kì í béèrè ẹni tó dà á kọ. Iye rẹ̀ ló ń béèrè.

Ohùn ẹni tó ra náà yẹ ní gbígbọ́. Kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, síbẹ̀ òun náà ló ń jìyà rẹ̀: téèpù rẹ̀ fẹ́lẹ́, ariwo rẹ̀ pọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí orin á já lójijì ní àárín ọ̀rọ̀. Ọ̀nà pínpín kan náà yìí ni orin Ajégúnlẹ̀ bá dé ìta. Nígbà tí Daddy Showkey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé galala jáde ní àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ èrò, inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti inú àpò ọ̀dọ́ ló gbé ohùn àdúgbò náà kọjá afárá. Ohun tó ń jẹ olórin lówó ló ń gbé orúkọ rẹ̀ rìn.

Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri ní ọdún 2001, tí káàdì ìrántí sì wọ inú fóònù, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ọ̀kùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti wá di ohun tó ń gba èsì.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé ìrírí àwọn tó ni ẹ̀rọ orin alágbèéká kì í ṣe ti ayọ̀ nìkan, kì í sì í ṣe ti ìbànújẹ́ nìkan. Kíkéré ẹ̀rọ ló fún wọn ní àṣẹ lórí ohun tí etí wọn ń gbọ́; kíkéré kan náà ló fi ẹ̀rọ sí ọwọ́ olè, tó sọ ohùn ìlù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì ya olùgbọ́ kúrò láàrin ẹgbẹ́. Ìtàn orin tí kò bá ka bátìrì, eruku àti oníṣẹ́ rédíò kún, apá kan ìtàn ni.

Ohun kan ṣì kù tí kò gba ìdúró. Nínú àpótí abẹ́ ibùsùn ní ọ̀pọ̀ ilé, kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá tàbí ìyá gbà sílẹ̀ wà níbẹ̀: wáàsì ààfáà tó ti kú, oríkì ìdílé láti ẹnu ìyá àgbà, ìlù ọjọ́ ìkómọ. Wọn kò sí ní ilé-iṣẹ́ àwo kankan, nítorí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló gbà wọ́n sílẹ̀. Téèpù ń ṣá, ooru àti ọ̀rinlẹ̀ sì ń jẹ ẹ́, ẹ̀rọ tó lè kà á sì ń tán lọ. Àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá tó ń wá ohùn àtijọ́ lọ sí àká ìwé òkè òkun yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ilé tó wà nítòsí, kí wọ́n sì mú ẹ̀rọ kan tí eré rẹ̀ dọ́gba dání.